Maṣíìnì Lẹ Rà Ni, àbí Orúkọ?

Ẹni tó bá fẹ́ wo ìjà tí ẹnikẹ́ni kò ní fara pa níbẹ̀, kó lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì maṣíìnì láàárọ̀ Sátidé. Mo wà níbẹ̀ láìpẹ́ yìí, mo gbé tèmi wá pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọkùnrin méjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n jọ ń mú ẹ̀pà jẹ nínú bébà kan náà. Bajaj lọ̀kan gùn wá, TVS lèkejì gùn wá. Àwàdà ló bẹ̀rẹ̀ tó di ariwo. Oní-Bajaj ní TVS kì í ṣe maṣíìnì, ó ní kí wọ́n so okùn mọ́ ọn kí ọmọdé máa wọ́ ọ kiri. Oní-TVS ní òun ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n bí òun bá ti rọ epo láàárọ̀, òun ti gbàgbé ilé epo nìyẹn títí di alẹ́. Ó ní ta ló mọ iye ìgbà tí Bajaj tiẹ̀ ń mu tirẹ̀ lóòjọ́. Àwọn tó dúró bú sẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì, tí gíríìsì ti dé ìgúnpá ọwọ́ rẹ̀, kò dá sí wọn. Nígbà tí wọ́n ní kó bá wọn dá a, kò tilẹ̀ gbójú sókè: "Èyí tí mo bá ní pàátì rẹ̀ nílẹ̀, òun ló dáa."

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ tú palẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kì í gun maṣíìnì ni ọ̀rọ̀ yìí kì í yé. Irin lásán, ẹsẹ̀ méjì, kí ló dé téèyàn fi ń gbèjà orúkọ ara táńkì bí ẹni ń gbèjà bàbá rẹ̀? Àwọn kan ní àìgbọ́n ni, àwọn kan ní ìpolówó ọjà ló ti wọ̀ wọ́n lára. Èmi rò pé ohun méjì la dà pọ̀ tí a ń pè ní ẹyọ kan. Ẹni tí maṣíìnì ń bọ́ ní ìdí tó fi dìrọ̀ mọ́ orúkọ kan. Ẹni tó ń bọ́ maṣíìnì ní ìdí tiẹ̀, àwọn ìdí méjèèjì kò sì bára tan.

Ká kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ẹni tí maṣíìnì ń bọ́.

Orúkọ tó wà lára táńkì àti ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè má wá láti ilé kan náà. Ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1970, Honda ti Jàpáànì gbé maṣíìnì kan jáde tí wọ́n pè ní CG125. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ wọn ti rí i pé ní àwọn ilẹ̀ bíi tiwa, èèyàn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, wọ́n sì ń di ẹrù lé maṣíìnì bí ẹni tó ń di í sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n wá pa ọgbọ́n tuntun tì, wọ́n padà sí ti àtijọ́: dípò kí ṣéènì máa yí ohun tó ń ṣí fáàfù lórí ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi ọ̀pá irin máa tì í láti ìsàlẹ̀. Ó ń pariwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ìyà. Ẹ́ńjìnnì yìí ni àwọn iléeṣẹ́ Ṣáínà wá ṣe àdàkọ rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Bí ẹ bá to maṣíìnì Ṣáínà mẹ́wàá tí orúkọ wọn kò bára mu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lónìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ CG125 ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹlòmíì tó ń kó ọjà wọlé ló ń sọ ọ́ lórúkọ fúnra rẹ̀. Ó kàn ní kí wọ́n lẹ orúkọ tó wù ú mọ́ táńkì kí wọ́n tó dì í sínú kọ̀nténà.

Mo ti fojú ara mi rí ohun tí èyí ń fà. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn mo ra ọ̀kan báyìí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Orúkọ náà dùn lẹ́nu, ó dà bí orúkọ ọba ilẹ̀ ìlà-oòrùn kan. Owó rẹ̀ wálẹ̀ ju ti Bajaj lọ dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ ń tàn. Kò pé ọdún kan tí mo fi ẹ̀gbẹ́ gbá ògiri, iná iwájú fọ́. Ẹ́ńjìnnì kò ní wàhálà kankan, pàátì CG kún ìgboro. Iná iwájú yìí ni kò sí. Mo wá a kọjá àlà. Ẹni tó ń kó o wọlé tẹ́lẹ̀ ti yí padà sórí orúkọ mìíràn, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí àwọn ike ti àkọ́kọ́ wọlé sí. Níkẹyìn, a fi iná Bajaj sí i, a fi wáyà dè é. Maṣíìnì mi wá dà bí ọmọdé tó wọ jígí bàbá rẹ̀.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé orúkọ kì í ṣe irin. Ohun tí ọlọ́kadà ń sanwó lé lórí nígbà tó bá fowó kún owó lórí Bajaj tàbí TVS ni ìdánilójú pé bí nǹkan bá já ní Ògbómọ̀ṣọ́, yóò rí i rà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bó bá já ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkirè, yóò rí mẹkáníìkì tó ti tú irú rẹ̀ rí. Ọjọ́ tí maṣíìnì bá dúró, owó oúnjẹ dúró, ṣùgbọ́n owó ẹni tó gbà á fún un kò dúró. Ìṣirò yẹn kò ní ìfẹ́ nínú rárá.

Ẹ tún jẹ́ ká wo ta ló ń yan orúkọ yẹn gan-an. Púpọ̀ ọlọ́kadà kò ra maṣíìnì wọn lówó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹnìkan, wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi di tiwọn. Ẹni tó gbé owó sílẹ̀ ló ń sọ irú èyí tóun yóò rà, ohun tó sì ń wò ni pé bí ẹni yìí bá sá tàbí tí kò san mọ́, ṣé òun á rí maṣíìnì náà tà lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí ogún ọlọ́kadà ní gáréèjì kan tí gbogbo wọn ń gun orúkọ kan náà, ẹ má yára sọ pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àwọn ẹni méjì mẹ́ta tó ń yá wọn lówó ló fẹ́ràn rẹ̀. Olè pàápàá mọ ìṣirò yìí. Ohun tó tètè ń tà lòun náà ń wá, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní orúkọ tó gbayì fi ń gbé ṣéènì àti kọ́kọ́rọ́ ńlá kiri.

Ibi tí ó ń dùn mọ́ mi jù nìyí. Oní-Bajaj tó ń pariwo láàárọ̀ Sátidé yẹn kì í ṣe ìpolówó lásán fún iléeṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Àpò ara rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè má mọ̀. Bí èèyàn bá ṣe ń gun Bajaj tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì yóò ṣe máa fi Bajaj kọ́ṣẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni onípàátì yóò ṣe máa kó o jọ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni tirẹ̀ yóò ṣe lówó lórí tó lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tà á. Gbogbo ẹni tó bá yí padà síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń fi kọ́bọ̀ díẹ̀ kún iye maṣíìnì rẹ̀. Ẹ fi kún un pé ẹni tó ti sanwó kì í fẹ́ gbọ́ pé ohun tóun rà kò dáa. Ariwo ti délé nìyẹn.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìjà wọn ni pé ọmọ ilé kan náà ni maṣíìnì méjèèjì, tí a bá fẹ́ tú u dáadáa. Íńdíà ni wọ́n ti wá. Bajaj, tí oríkò rẹ̀ wà ní ìlú Pune, ṣe Vespa lábẹ́ àṣẹ àwọn ará Ítálì ní àwọn ọdún 1960. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, ó bá Kawasaki ti Jàpáànì dòwò pọ̀, ibẹ̀ ni Boxer ti rú jáde. TVS ní tirẹ̀ wá láti gúúsù Íńdíà, Suzuki ló sì bá ṣe títí di ọdún 2001. Kawasaki kọ́ ẹnì kan níṣẹ́, Suzuki kọ́ ẹnì kejì, àwọn ọmọ iṣẹ́ méjèèjì wá ń bá ara wọn jà ní ṣọ́ọ̀bù tiwa.

Àwọn nọ́ńbà ara maṣíìnì náà tún wà nínú ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú. Cc ni wọ́n fi ń wọn bí yàrá tí píṣítìnì ti ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnnì ṣe fẹ̀ tó. Bí yàrá náà bá ṣe fẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni epo tó ń jó lẹ́ẹ̀kan ṣe ń pọ̀ sí i, agbára náà sì ń pọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì jẹ́ orúkọ bí orúkọ yòókù. Boxer tí wọ́n kọ 150 sí lára, 144.8cc ló wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jalè níbẹ̀, wọ́n kàn gé e sí nọ́ńbà tó rọrùn pè ni, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó fi márùn-ún yẹn halẹ̀ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Kí Bajaj tó gbòde, Honda, Suzuki àti Yamaha ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, àlòkù tí wọ́n kó wá láti òkè òkun sì ni ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ń rí rà. Ohun tó rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ kì í ṣe pé wọ́n bàjẹ́. Àwọn oníṣòwò Nnewi, tí Innocent Chukwuma tó wá dá iléeṣẹ́ mọ́tò Innoson sílẹ̀ wà lára wọn, rí i pé tí wọ́n bá tú maṣíìnì Ṣáínà sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó kó o sínú kọ̀nténà, iye tí kọ̀nténà kan ń gbà ń di ìlọ́po-ìlọ́po. Wọ́n á wá tò ó pọ̀ nílé. Owó maṣíìnì já wálẹ̀, ẹni tí kò lálàá tuntun rí bẹ̀rẹ̀ sí í ra tuntun. Jincheng wà lára àwọn tó gbòde lákòókò náà, AX100 rẹ̀, tí wọ́n ṣe lọ́nà ti Suzuki, ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, ó sì ń rú èéfín bí ẹni tó ń yan ẹja. Nígbà tí àwọn ará Íńdíà wá kó ẹ́ńjìnnì tí kò mu ọ́ìlì mọ́ epo wọ̀lú, tí epo rẹ̀ sì ń pẹ́, inú àwọn ọlọ́kadà dùn. Èmi náà ò ṣàárò èéfín yẹn.

Ó yá, ká wá sọ̀rọ̀ iyì.

Kẹ̀kẹ́ Raleigh láti Nottingham ni mo gbọ́ pé àwọn bàbá wa kọ́kọ́ fi ń yan lójú títì. Ẹni tó ra kẹ̀kẹ́ mìíràn ra kẹ̀kẹ́; ẹni tó ra Raleigh ra Raleigh. Vespa àti Honda dé lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n di ohun ìgùn tíṣà, wolé-wolé, òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba. Nígbà tí wọ́n san owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù, fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, tí àjẹsílẹ̀ owó oṣù wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, maṣíìnì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sáré rà. Ẹni tó ń gun Honda nígbà náà, òun ni wọ́n ń fi ọmọ fún.

SAP, ètò tí ìjọba fi fẹ́ tún ọrọ̀-ajé ṣe, dé ní 1986. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, owó oṣù ò tó ọsẹ̀ kan ná mọ́, ọkọ̀ èrò sì ń wọ́n. Ẹni tó ní maṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé èrò. Àwọn èèyàn wò ó bó ṣe ń fò kọjá láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ọkọ̀ òfuurufú: Okada Air, ti olóyè Gabriel Igbinedion, tó fi orúkọ ìlú rẹ̀ ní Ẹdó pè é. Ọkọ̀ òfuurufú ọ̀hún ti kógbá sílé tipẹ́, orúkọ rẹ̀ ṣì ń gun títì. (Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà nìyẹn. Bajaj pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ Márúwá ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí Buba Marwa tó ṣe gómìnà ológun Èkó láti 1996 sí 1999. Iléeṣẹ́ ná owó ìpolówó, orúkọ gómìnà ló jẹ ẹ́.)

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Honda kò yí padà. Àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ àti ìdí tó fi gùn ún ló yí padà, láàárín ọdún díẹ̀ ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ fọmọ fún èèyàn wá di ohun tí ìyá ń torí rẹ̀ sunkún pé ọmọ òun tó kàwé ń fi gbé èrò. Iyì kì í gbé inú irin.

Àwọn tó ra maṣíìnì fún ara wọn lónìí mọ èyí dáadáa, nítorí ó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn lójoojúmọ́. Lẹ́yìn tí mo ta oníjígí bàbá rẹ̀ yẹn, mo ra Bajaj. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo wọ kóòtù, mo dé táì, mò ń lọ síbi ìgbéyàwó. Mo dúró ní orítá kí ọkọ̀ kọjá. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, maṣíìnì mi tẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ìyá àgbà kan ti gùn ún, ó ti gbé igbá tòmátì lé itan. "Ọmọ mi, gbé mi dé ọjà." Mo ní, "Mà, n kì í ṣe ọlọ́kadà." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo maṣíìnì, ó ní, "Bajaj kọ́ rèé ni?" Kí ni n bá wí? Mo gbé e dé ọjà. Ó fún mi lówó, mo ní kó mú un lọ, ó ní òun ò fẹ́ gbèsè.

Orúkọ tó fi ọlọ́kadà lọ́kàn balẹ̀ ni kò jẹ́ kí èmi jẹ́ ọ̀gá lójú ìyá yẹn. Àwọn tó ti mọ̀ ṣáájú mi ń sá fún un. Ẹlòmíì mọ̀ọ́mọ̀ ra orúkọ tí ọlọ́kadà kì í gùn, bí kò tilẹ̀ sí pàátì rẹ̀ ládùúgbò. Ẹlòmíì ra èyí tí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ga sókè, tí arúgbó ò lè gùn. Ẹlòmíì kò jẹ́ já ọ̀rá tó wà lára ìjókòó àti iná láti ilé ìtajà, ó fẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé tuntun ni, àní lẹ́yìn ọdún kan tí ọ̀rá náà ti di dúdú. Nọ́ńbà ara maṣíìnì náà ń sọ̀rọ̀: pupa ni lẹ́tà ti ọlọ́kadà, búlúù ni ti ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka àwọ̀ nọ́ńbà ní orítá?

Bí ẹ bá wá gun àkàsọ̀ yìí dé òkè, páwà báìkì, maṣíìnì ńlá àwọn olówó, lẹ máa bá níbẹ̀. Òfin ìrìnnà Èkó ti ọdún 2012 lé ọ̀kadà kúrò lójú àwọn títì ńlá, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá tó 200cc sókè. Lẹ́yìn náà, ní oṣù kejì 2020 àti oṣù kẹfà 2022, wọ́n tún fún okùn náà pọ̀ sí i ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan. Yálà wọ́n gbèrò rẹ̀ tàbí wọn ò gbèrò rẹ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wá di ààlà láàárín ẹni tí ọlọ́pàá máa ń lé àti ẹni tí ọlọ́pàá máa ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ọ̀gá, èló lẹ rà á?"

Suzuki Hayabusa jáde ní 1999. Orúkọ irú àṣá kan ni lédè àwọn ará Jàpáànì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré lọ, ó sì lè sáré tó nǹkan bí 300 kìlómítà ní wákàtí kan. Níbo lèèyàn ti fẹ́ sá eré yẹn, lórí títì tó ní kòtò àti ewúrẹ́? Kò sẹ́ni tó fẹ́ sá a. Ohun tí wọ́n ń rà ni pé àwọn lè sá a tó bá wù wọ́n. Bí pàátì kan bá bàjẹ́, wọ́n á kọ̀wé sí òkè òkun, maṣíìnì á dúró sínú gáréèjì fún oṣù méjì, kò sì sóhun tó ṣe ọ̀gá, jíìpù wà nílẹ̀.

Ibí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Fún ọlọ́kadà, ohun tó wọ́n lọ́jà ń pani. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé ní irú tirẹ̀. Fún oní-páwà báìkì, ohun tó wọ́n lọ́jà ló ní iyì. Bí gbogbo ayé bá ní irú tirẹ̀, yóò tà á. Àwọn méjèèjì lè bọ́ ṣọ́ọ̀tì kí wọ́n jà nítorí orúkọ, ọ̀kan ń fi ariwo pe èèyàn wọlé, èkejì ń fi ariwo ti ilẹ̀kùn.

Iléeṣẹ́ kan wà tó rí ọgbọ́n tó fi ṣe méjèèjì pọ̀, ìtàn rẹ̀ sì tọ́ láti mọ̀, Harley-Davidson ti ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà ni. Ọdún 1903 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 1969, iléeṣẹ́ AMF rà á, wọ́n ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì mọ́lẹ̀ mọ́. Àwọn maṣíìnì Jàpáànì ń wọlé, wọ́n yára jù ú lọ, wọn kì í jo ọ́ìlì, owó wọn sì rọjú. Ní 1981, àwọn ọ̀gá mẹ́tàlá nínú iléeṣẹ́ náà kó owó jọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ gbèsè, wọ́n rà á padà. Ní 1983, Ààrẹ Reagan bu owó orí ńlá lé maṣíìnì ilẹ̀ òkèèrè tó bá ju 700cc lọ kí wọ́n lè rójú mí. Wọ́n fi àkókò náà tún iṣẹ́ ṣe, nígbà tó sì di 1987, àwọn fúnra wọn ló ní kí ìjọba yọ owó orí náà kúrò kí àkókò rẹ̀ tó pé.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe ní 1983 yẹn kan náà ló kàn mí jù. Wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn oní-Harley sílẹ̀. Ẹ ra maṣíìnì, ẹ di ọmọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ń jáde lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n ń wọ awọ kan náà, wọ́n ń lọ síbi kan náà, ìyàwó ń tẹ̀ lé ọkọ. Ẹni tó ní Harley kò tún rò ó mọ́ bóyá Honda yára jù ú. Bó bá tà á, ta ni yóò máa bá jáde lọ́jọ́ Sunday? Ohun tí wọ́n ń tà ti kúrò ní irin, ó ti di ẹbí. Àwọn kan fín orúkọ iléeṣẹ́ náà sára awọ ara wọn, àwa tí à ń kọlà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ìró rẹ̀ pàápàá di nǹkan. Ẹ́ńjìnnì Harley ní ṣìlíńdà méjì tó la ẹsẹ̀ sí méjì, àwọn píṣítìnì rẹ̀ sì jọ so mọ́ ibì kan ṣoṣo lára ọ̀pá tó ń yí, nítorí náà kì í bú dọ́gba. Ó ń bú, ó ń bú, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bú, bí onígángan tó ń mọ̀ọ́mọ̀ já ìlù. Àbùkù ni èyí lójú ẹlòmíì. Ní 1994, iléeṣẹ́ náà lọ bá ìjọba pé kí wọ́n fi ìró yẹn jẹ́ tàwọn nìkan, bí orúkọ. Àwọn ará Jàpáànì takò wọ́n, ẹjọ́ náà gùn títí wọ́n fi jáwọ́ ní 2000. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Iléeṣẹ́ mìíràn ì bá wá bí yóò ṣe pa ariwo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ gba ìwé lé e lórí.

Ẹ má rò pé tàwọn òyìnbó nìyẹn. Ẹgbẹ́ tí ọlọ́kadà wa ní, ní ibi ìdúró wọn, níbi tí wọ́n ti ń dáwó fún ẹni tó fara pa, tí wọ́n sì ń jọ sáré bí ẹnìkan bá gbá ọmọ ẹgbẹ́ wọn, lágbára ju ti Harley lọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí orúkọ iléeṣẹ́ kankan lórí rẹ̀. Ìyà ló so wọ́n pọ̀. Lọ́dọọdún, àwọn kan nínú wọn á jọ bọ Ògún, wọ́n á to maṣíìnì sílẹ̀ kí wọ́n wọ́n epo pupa sí wọn lára, Bajaj, TVS, àti èyí tí kò lórúkọ. Èmi ò tíì gbọ́ pé Ògún bèèrè ilé tí irin kan ti wá.

Bí ẹ bá sọdá Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kùtọ́nù, níbi tí wọ́n ti ń pe ọlọ́kadà ní zémidjan, tàbí kẹ́ ẹ gba ọ̀nà Kétu àti Pọ́bẹ̀, ìjà náà ń bẹ níbẹ̀, orúkọ ló yàtọ̀. Haojue ti Ṣáínà lẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń búra lé lórí. Ẹni tó bá lọ bá wọn pé Bajaj ló dáa jù, wọ́n á wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èmi kò rò pé ẹ́ńjìnnì ń gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ ní ẹnubodè. Pàátì ló gba ọ̀nà mìíràn wọlé.

Benin àti Tógò náà ni àwọn maṣíìnì oníná, irú ti Spiro, ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ kí wọ́n tó wá bá wa níbí. Wọn kì í mu epo. Bí bátìrì bá tán, ọlọ́kadà á yà sí ibùdó iléeṣẹ́ náà, á fi èyí tó tán sílẹ̀, á gbé èyí tó kún. Bátìrì kì í ṣe tirẹ̀, ti ẹlòmíì kò sì ní wọ inú rẹ̀. Ẹ wo bí ìṣirò ṣe yí padà: kò kan mẹkáníìkì mọ́, kò kan onípàátì. Ibi tí ibùdó bá wà ni èèyàn lè gùn dé. Orúkọ ti di okùn tí wọ́n so mọ́ ẹni tó rà á lẹ́sẹ̀, bó fẹ́ràn rẹ̀ bí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé ìdúróṣinṣin la ó máa pe ìyẹn?

Sátidé tí mò ń sọ yẹn, ọ̀kan nínú àwọn maṣíìnì oníná yìí wọ ṣọ́ọ̀bù wá kí n tó kúrò. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró rẹ̀ títí tó fi dúró lẹ́yìn wa. Ọmọkùnrin tó gùn ún ní ó ń fà díẹ̀díẹ̀. Oní-Bajaj àti oní-TVS dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọ́n dìde, wọ́n jọ yí i ká. Mẹkáníìkì nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì, ó tún padà wo ọ̀tún. Ó wá gbójú sókè wo ọmọkùnrin náà.

"Níbo ni pílọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà?"